Àkànkẹ́, má tíì san owó ọkọ̀ yẹn

Kétu, ọjọ́ Ẹtì

Àkànkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Dáadáa ni a wà níbí. Òjò ti ń rọ̀, àgbàdo ti ń yọrí lóko, ewúrẹ́ aládùúgbò wa sì ti ń jẹ ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n rẹ fi àwòrán ọkọ̀ tó o fẹ́ rà hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Jíìpù dúdú, gíga fíofío. Ó ní o sọ pé nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ni, pé ẹni tó bá kúrú ni ọkọ̀ gíga yẹ. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi, torí ara mi ni mo rí nínú àwòrán yẹn. Mi ò pè ọ́, ìwé ni mo kọ, torí pé bí a bá wà lórí fóònù o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

O mọ̀ pé mo wa Peugeot 404 tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, bàṣé tí gbogbo Kétu mọ̀ mọ́ mi. Àgbàdo àti gàrí ni mo ń kó lọ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo, nígbà tí ọ̀nà Kétu sí Pobè ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa. Ìjókòó iwájú rẹ̀ gùn bí bẹ́ǹṣì, jíà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síárìn. Kò sí ohun tó o lè fà kí ìjókòó yẹn ga sókè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ni wọ́n ṣe é fún, èmi tí mi ò ga jù ọ́ lọ sì ni mo wà á. Kí ni mo ṣe? Tìmùtìmù méjì ni mo kó síbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ìdí, ọ̀kan lẹ́yìn. Òwú ló wà nínú wọn. Kí n tó dé Pobè, èyí tó wà lábẹ́ ìdí mi á ti tẹ̀ sí apá kan, èmi náà á sì ti tẹ̀ sí apá kan pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, á yọ̀ lọ síwájú pẹ̀lú mi.

Ẹ̀yin ọmọ máa ń rò pé mò ń ṣe ọ̀gá ni, tí mo bá sọ̀kalẹ̀ tán tí mo fọwọ́ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí mi ò tíì rìn. Kì í ṣe ọ̀gá. Ẹ̀yìn mi ni kò tíì jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀.

Ọkùnrin tó ṣe kiné, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìfọwọ́ra àti ìdárayá ṣe, fún mi ní Àjàṣẹ́, ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, ló là mí lójú. Ó ní kì í ṣe kòtò ọ̀nà nìkan ló ba ẹ̀yìn mi jẹ́. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá na ẹsẹ̀ òsì láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ìbàdí mi ń fà síwájú, ẹ̀yìn mi sì ń kúrò lára ìjókòó. Ẹ̀yìn tí kò bá rí ohun fara tì, òun nìkan ló ń ru gbogbo ara, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n. Ìgbà mélòó ni mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì láàárín Kétu sí Àjàṣẹ́? Ta ló kà á?

Ó yá, jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ jíìpù rẹ. Gíga ọkọ̀ sí ilẹ̀ yàtọ̀ sí gíga ìjókòó sí ẹsẹ̀ rẹ. O lè gun orí ọkọ̀ tó ga bí òrùlé, kó o dé inú rẹ̀ kí imú rẹ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ síárìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gígùn ún àti sísọ̀ kúrò nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú yẹ̀rì, pẹ̀lú báàgì lápá, lílọ́ ìbàdí ni. Ohun tó bá mi lẹ́rù jù lọ ni ìjókòó náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá sábà máa ń ní ìjókòó tó jìn, torí itan gígùn ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí ẹni kúkúrú bá jókòó débi tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan ibi ìfẹ̀yìntì, etí ìjókòó á máa gún un lẹ́yìn orúnkún. Kí ló máa ṣe? Á sún síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ á wá wà lófìfo. Nínú ọkọ̀ olówó ńlá, ohun tó ṣe mí nínú bàṣé náà ló máa ṣe ọ́.

Nítorí náà, fi ìka rẹ wọ̀n ọ́n. Fi ẹ̀yìn ti ìjókòó dáadáa, kí o wo àlàfo tó wà láàárín etí rẹ̀ àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ. Bí ìka méjì tàbí mẹ́ta kò bá lè wọ ibẹ̀, jáde, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á fún ọ.

Èyí tí ìka bá wọ̀, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó yẹ kí ìdí rẹ lè bọ́ sórí ìjókòó láìgun òkè, láìjábọ́ sínú kòtò, kí o jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí o sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Àwọn ọkọ̀ kékeré tí òrùlé wọn ga díẹ̀, irú Honda Fit àti Toyota Yaris, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn bíi tìrẹ. Bí ọkàn rẹ kò bá kúrò lórí ọkọ̀ gíga, wo RAV4 àtijọ́, kì í ṣe òkè ńlá yẹn. Ṣùgbọ́n má ra orúkọ. Ti ọdún kan lè ní ohun tí ti ọdún mìíràn kò ní.

Ohun tí mo ń sọ pé kó ní ni pé kí ìjókòó rẹ̀ lè ga. Wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó níhà ilẹ̀kùn, ọ̀pá kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí o máa fà sókè fà sókè bí ẹni ń pọ́ọ̀ǹpù táyà. Kí o gbé e títí ìbàdí rẹ á fi bá orúnkún dọ́gba tàbí kó ga jù ú lọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, síárìn. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni síárìn wọn ń lọ. Èyí tó tún ń wọlé tó ń jáde ni kí o wá. Àwa kúkúrú, ẹsẹ̀ wa fẹ́ kí a sún mọ́ iwájú, àyà wa sì ní láti jìnnà sí i, torí báàgì afẹ́fẹ́ (airbag) tó wà nínú síárìn, èyí tó máa ń bú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Bó bá bú jáde nígbà tí àyà rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ lè ṣe ọ́ léṣe. Sẹ̀ǹtímítà 25 ni kó wà láàárín egungun àyà rẹ àti àárín síárìn, ó kéré tán. Jẹ́ kí ojú síárìn kọ sí àyà rẹ, kì í ṣe ojú rẹ. Wo bẹ́líìtì náà. Àárín èjìká ló yẹ kó gbà kọjá. Bó bá ń rẹ́ ọ lọ́rùn, wò ó bóyá ibi tó so mọ́ lára òpó ọkọ̀ lè sọ̀kalẹ̀.

Ní ti jíà, ọ̀tọ̀mátíìkì, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ni kí o rà. Mẹkáníìkì ẹ̀yìnkùlé wa ń yọ ṣùtì sí mi, ó ní bó bá bàjẹ́ owó rẹ̀ á pọ̀. Òótọ́ ló ń sọ, kí o sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ ẹ́ wò kí owó tó jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yìn mẹkáníìkì ló ń dùn. Láti Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀, tí àwọn zẹmijáànù, àwọn ọlọ́kadà, ń gba ọ̀tún gba òsì, ẹsẹ̀ òsì rẹ nílò ìsinmi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kà á fún mi pé àwọn ará Jámánì ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AGR, tó ń yẹ ìjókòó wò nítorí ẹ̀yìn, àti pé àwọn Opel kan wà tí ìjókòó wọn gba àmì ẹgbẹ́ náà. Bó o bá rí i lára tòkunbọ̀ kan, jókòó sínú rẹ̀. Bí kò bá sì bá itan rẹ mu, àmì ò lè gbà ọ́.

Ní àwọn pààkì ojú ọ̀nà Sèmè tí ò ń kọjá lójoojúmọ́, ẹni tó ń tà á fún ọ á fẹ́ kí o jókòó fún ìṣẹ́jú méjì. Gbogbo ìjókòó ló dùn fún ìṣẹ́jú méjì! Jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú bàtà tí o ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wo bóyá ẹsẹ̀ rẹ dojú kọ bíréèkì tààrà. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí síárìn wọn wà lápá ọ̀tún tẹ́lẹ̀ tí wọ́n gbé e wá sí òsì, tí síárìn àti bíréèkì kò sì bá ìjókòó dọ́gba mọ́. Irú rẹ̀ á máa lọ́ ọ́ nìbàdí títí ọjọ́ tó o bá tà á. Wà á gba ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, má ṣe orí ọ̀dà nìkan. Fọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí o fi sílẹ̀. Bó bá ń fò sókè fò sódò, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, amọtisẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ ń pè é lọ́hùn-ún, ti kú. Má sì jẹ́ kí ríìmù ńlá tó ń dán fa ojú rẹ, torí táyà tó bá fẹ́lẹ́ lórí ríìmù ńlá, gbogbo òkúta ló ń ròyìn fún ẹ̀yìn.

Tìmùtìmù ńkọ́? Mo mọ̀ pé o máa bèèrè. Bó bá di dandan, fóòmù líle ni kí wọ́n gé fún ọ, kí wọ́n so ó mọ́ ìjókòó kó má lè yọ̀. Táwẹ́ẹ̀lì tó o ká, kó má nípọn jù, lè wọ ihò ẹ̀yìn níbi ìbàdí. Má tún kó òwú jọ bíi tèmi.

Ohun kan tún wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín rí. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn mi bàjẹ́ pátápátá, kì í ṣe inú ọkọ̀ ló ti ṣẹlẹ̀. Mo wakọ̀ dé Ouando láìdúró níbì kankan, mo sọ̀kalẹ̀, mo sì fẹ́ gbé àpò gàrí lẹ́ẹ̀kan náà torí pé oníbàárà ń kánjú. Mo gbọ́ ohun kan nínú ara mi bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Nígbà tó o bá ń bọ̀ nílé, sọ̀kalẹ̀ ní Pobè, rìn yí ọkọ̀ ká. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ wa, jẹ́ kí àwọn ọmọ já ẹrù. Bí ìrora náà bá sì ń lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, má dúró de ọkọ̀ tuntun, lọ rí dókítà. Bí ẹsẹ̀ bá wá ń kú, tàbí ìtọ̀ kò gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ló gbé ọ dé ìdí jíìpù. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní kúkúrú láti ilé ìwé máa ń fẹ́ wo àwọn ènìyàn láti òkè lọ́jọ́ kan. Èmi náà fẹ́ràn bí àwọn ọkùnrin Ouando ṣe ń yà fún bàṣé mi. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kò sí ẹni tó máa fojú di ọ́ nínú Yaris.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, má tíì fún wọn ní sẹ́fà kankan. Káfíńtà ti gé ọ̀pá kan fún mi, sẹ̀ǹtímítà 25 gééré, ó wà nínú báàgì mi. Ìwọ á jókòó ní ìdí síárìn, èmi á fi ọ̀pá wọ̀n ọ́, ẹni tó ń tà á á sì máa wò wá bó bá ṣe wù ú.

Ìyá rẹ