Ẹ kọ́kọ́ fa ayùn náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́

Olóòtú,

Ẹ fún mi láyè kí n bá ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà ẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí sliding miter saw, ayùn oníná tí orí rẹ̀ ń lọ síwá-sẹ́yìn lórí irin.

Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn ọmọṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọ inú pákó, tí wọ́n á wá máa fà á bọ̀ sọ́dọ̀ ara wọn. Òdìkejì ni! Ẹ kọ́kọ́ fa orí rẹ̀ sọ́dọ̀ yín láì kan igi, ẹ jẹ́ kó yí dé ojú eré, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kí ẹ wá rọra tì í síwájú. Bí ẹ bá ń fà á bọ̀, eyín rẹ̀ lè gun orí pákó, kí gbogbo ẹ̀rọ náà sì já lù yín. Tó bá gé e tán, ẹ tú bọ́tìnnì sílẹ̀, kí abẹ rẹ̀ dúró pátápátá kí ẹ tó gbé e sókè.

Kí ọwọ́ jìnnà sí abẹ tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó kéré tán. Ìbọ̀wọ́ tí àwọn kan fẹ́ràn ńkọ́? Ẹ bọ́ ọ.

Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná kí ẹ tó pààrọ̀ abẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, apá ọ̀tún ni nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń tú sí. Ẹ nu irin tí orí ayùn ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ má fi gírísì pa á, á kàn kó eruku igi jọ ni. Bí ìbòrí abẹ kò bá sì dá padà fúnra rẹ̀, ẹ má fi okùn so ó sókè o. Ẹ tún un ṣe.

Èmi ni tiyín,
Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó ń kọ́ ọmọṣẹ́