Ẹ̀sùn Lórí Ìrìn-Àjò Kẹ̀kẹ́ Ravenglass sí Ambleside Tí Ẹ Pè Ní Ìrìn Ìrọ̀rùn

Manchester,
Oṣù Kẹsàn-án.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìrìn-Àjò Orí Kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ lẹ́tà yìí láti fẹjọ́ sùn lórí ìrìn-àjò tí ẹ tà fún èmi àti àwọn ará ilé mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, láti etí òkun Cumbria, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn England, wọ àárín àwọn òkè àti adágún omi Lake District. Mo ti kọ́kọ́ pè yín lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ yín tó gbé e dá mi lóhùn pé ta ni kò mọ̀ pé òkè wà ní Lake District. Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé, torí kò kan ọ̀rọ̀ tí mo bá wá rárá.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Òkè kì í ṣe àjèjì sí mi, kì í sì í ṣe nítorí pé mo rí òkè ni mo ṣe ń pariwo. Ẹ kọ ọ́ sórí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì yín pé ọjọ́ kejì ìrìn-àjò náà jẹ́ "ìrìn ìrọ̀rùn, máìlì 25 péré, láti etí òkun dé etí adágún." Ẹ fi àmì aláwọ̀ ewé sí i, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín sọ pé ó wà fún ẹni tí kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn púpọ̀. Ìgbà tí a dé Ravenglass tí a ṣí máàpù yín ni a rí i pé ọ̀nà náà gba àfonífojì Eskdale lọ, ó gun Hardknott Pass (ọ̀nà tó ré òkè kọjá ni wọ́n ń pè ní "pass"), ó sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì odò Duddon, ó tún gun Wrynose Pass kó tó forí lé Ambleside. Kò sí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Cumbria tí kò mọ orúkọ méjèèjì yìí. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun níbẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Etí omi gan-an ni Ravenglass wà. Orí Hardknott ga ní mítà 393. Tí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà náà ń gòkè láti òwúrọ̀ dọ̀sán, bóyá ǹ bá má kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀, tí kò tó máìlì méjì, ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú gíga yẹn. Níbi tó le jù, ìdá kan nínú mẹ́ta ni: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tí èèyàn bá sún síwájú, ó ti gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọ̀nà náà tóóró, kò gbà ju ọkọ̀ kan lọ, kọ́nà rẹ̀ sì ń yí bírí ní orí òkè tó nà ró. Àwọn awakọ̀ pàápàá ni a fi pátákó kìlọ̀ fún nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà láàárín wa. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ kan kì í fún un nísinmi. Mo sọ èyí fún yín kí n tó sanwó. Ẹ ní kò sí wàhálà, òkè kéékèèké ni. Nígbà tí a dé ibi tí pẹ́dàlì kò ti lè yí mọ́, a sọ̀ kalẹ̀, a ń ti kẹ̀kẹ́. Ẹ ti sọ fún mi lórí fóònù pé kò sí ohun tó burú nínú pé kí èèyàn ti kẹ̀kẹ́. Ó burú, ọ̀gá mi, nígbà tí òjò bá ti rin ojú ọ̀nà, tí bàtà ń yọ̀, tí kẹ̀kẹ́ tó ru ẹrù ń fa àgbàlagbà padà sẹ́yìn, tí mọ́tò sì ń bọ̀ ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí koríko tó tutù tí ó di orúnkún rẹ̀ mú. Kò sunkún, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀.

Gígun òkè yẹn le, àmọ́ sísọ̀ rẹ̀ ló léwu. Àwọn kẹ̀kẹ́ tí a háyà lọ́wọ́ yín, rọ́bà bíréèkì méjì nínú wọn ti jẹ tán kí a tó gbà wọ́n. Mo ní fọ́tò rẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́. Agbègbè yẹn kì í ṣe ibi tí a ti ń fi bíréèkì ṣeré. Seathwaite, abúlé kan ní àfonífojì Borrowdale ní Lake District kan náà, wà lára ibi tí òjò ti pọ̀ jù ní gbogbo England, òjò rẹ̀ sì ń lé ní mítà mẹ́ta lọ́dún. Ní Honister tó wà nítòsí rẹ̀, òjò tó rọ̀ láàárín wákàtí 24 nínú oṣù Kejìlá ọdún 2015 lé ní mílímítà 341. Ẹni tó bá ń ya kẹ̀kẹ́ fún èèyàn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà pé ojú ọ̀nà máa tutù.

Ohun tó dùn mí jù ni pé a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé olódi tí àwọn ọmọ ogun Róòmù kọ́ sí gẹ̀rẹ́ Hardknott láyé Hadrian, olú ọba Róòmù, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè dúró wò ó. Torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó àwọn èèyàn mi wá. Odi rẹ̀ ṣì dúró, Eskdale tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú ilẹ̀ lẹ́wà débi pé èèyàn á fẹ́ lo gbogbo ọ̀sán níbẹ̀. Ojú wa ò kúrò lára táyà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, a dúró nísàlẹ̀ Wrynose, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, a kò sì rí yín pè. Awakọ̀ kan tó ń kọjá ló bá wa pe takisí nígbà tó dé ibi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹrù wa yòókù kò dé òtẹ́ẹ̀lì títí di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n mo ti fojú fò ó, torí ẹ ti tọrọ àforíjì lórí ìyẹn.

Ẹ fún wa ní iye máìlì, ẹ sì pa gíga àti bí ọ̀nà ṣe nà ró mọ́. Ní ilẹ̀ olókè, máìlì nìkan kò sọ nǹkan kan. Gíga nìkan náà kò tó. Ẹ wo C2C, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láti etí òkun kan dé èkejì tí wọ́n ṣí lọ́dún 1994, tó bẹ̀rẹ̀ ní Whitehaven tàbí Workington tó sì já sí òkun kejì ní Sunderland tàbí Tynemouth, nǹkan bíi máìlì 140. Ó gba orí òkè Hartside, tó ga ní mítà 580. Hartside ga ju Hardknott lọ dáadáa, síbẹ̀ mo ti gùn ún rí láìsọ̀ kalẹ̀, torí pé ọ̀nà rẹ̀ gùn, ó sì rọra ń gòkè. Ẹni tó bá rí 580 àti 393 lásán máa sá fún èyí tí kò yẹ kó sá fún.

N kò sì sọ pé kò sí ìrìn ìrọ̀rùn ní Lake District. Ojú irin àtijọ́ tó wà láàárín Keswick àti Threlkeld, tí wọ́n ti sọ di ọ̀nà ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́, wà níbẹ̀, tí omíyalé ọdún 2015 gbé afárá rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún ṣí lọ́dún 2020. Ọmọdé àti àgbà ló lè gùn ún. Láti Ravenglass pàápàá, ọkọ̀ ojú irin ń gba etí òkun lọ sí ìhà Barrow. Ẹ ì bá gbé wa yí àwọn òkè méjèèjì yẹn ká. Ẹ ò ṣe é, ẹ ò sì sọ fún wa kí a ṣe é fúnra wa.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ dá owó ọjọ́ yẹn padà fún gbogbo wa, pẹ̀lú owó takisí tí rìsíìtì rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí. Mo fẹ́ kí ẹ yọ àmì aláwọ̀ ewé yẹn kúrò, kí ẹ kọ gíga òkè kọ̀ọ̀kan àti ibi tó ti nà ró jù sí ẹ̀gbẹ́ iye máìlì, kí ẹ sì yẹ bíréèkì gbogbo kẹ̀kẹ́ wò kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èyí tó ká mi lára jù ni àwọn tó ti sanwó fún ìrìn kan náà tí wọn kò tíì lọ. Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà fún wọn. Mo ń retí èsì yín lórí ìwé láàárín ọjọ́ 14.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín.