Ẹ Jẹ́ Kí N Sọ̀rọ̀ Ìyá Mi, Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ ìyá mi tán nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti lẹ bébà ìkéde mọ́ ògiri: àwòrán rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àti iye ọmọ tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka bébà yẹn kò ní mọ ohun tí obìnrin yìí fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe láyé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Aláró ni ìyá mi. Ẹni tí kò rí ìkòkò aró rí pàápàá ń pe Òṣogbo ní ìlú aró. Ìtàn àwọn àgbà wa ni pé nígbà tí àwọn tó tẹ ìlú yìí dó gé igi lulẹ̀ sínú odò, ìkòkò aró Ọ̀ṣun ló fọ́, tí ohùn fi ké láti inú omi. Mùsùlùmí ni ìyá mi, kì í bọ Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n tó bá ń pa ìtàn náà fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, àwọn ìkòkò yẹn ló máa ń dùn ún jù. Á ní, “Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tó wà nínú ìkòkò aró kan?”

Àwa ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ewé èlú tútù la máa ń gún nínú odó, a ó ṣù ú, a ó sá a sóòrùn kó gbẹ. Eérú igi, a ó da omi sí i nínú ìkòkò oníhò, omi tó bá sẹ́ jáde la ó dà lé èlú lórí, a ó sì bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Màmá kì í ka ọjọ́, òórùn ló fi ń mọ̀ pé aró ti tó. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló ní. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló tó ń di aró lójú ẹni. Ó tún di inú ìkòkò, ó tún di orí okùn, títí yóò fi dúdú. Nígbà tí aró òyìnbó àti sódà dé, òun náà lò ó, torí ọjà ń fẹ́ ohun tó yá. Síbẹ̀ ìkòkò èlú kan kò kúrò lẹ́yìnkùlé wa. Ti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò fi ọ̀já tó rẹ láró èlú pọ̀n.

Kò lọ sílé ìwé. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ó ti ń bá ìyá tirẹ̀ gún èlú. Ṣùgbọ́n lálẹ́, tí a bá jókòó tí a ń fi ìko so àdìrẹ, ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ máa ka ìwé sókè. Tí ọmọ bá fo ìlà kan, ohùn ọmọ náà ni Màmá fi ń mọ̀, á ní kó padà. Nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ní 1979, tí ilé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́, owó àjọ tó ti ń dá dè wá, ìwé àti aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ aládùúgbò ló fi rà. Méjì nínú wọn wà lára àwọn tó gbé òkú rẹ̀ lọ sin.

Ní àárọ̀, ó máa ń pe àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó lórí fóònù. Kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan kó tó ki oríkì wọn tán. Ọmọ mi obìnrin tó fẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ń bọ̀ wálé ní gbogbo Kérésì, Màmá ni yóò sì jí se ìrẹsì fún un.

Láti 2005 tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ohun ìní gbogbo ayé, àwọn oníròyìn ń gba àdúgbò wa kọjá ní gbogbo Oṣù Kẹjọ lọ sí odò. Inú wa dùn sí i. Nígbà tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó tọ́jú igbó náà, kú ní 2009, wọ́n kọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ àwọn obìnrin tí ìlú fi ń jẹ́ ìlú aró, ta ló yà sọ́dọ̀ wọn?

Ìwọ̀nba àwọn ẹgbẹ́ Màmá ṣì wà láyé ládùúgbò wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ rán oníròyìn kan sí wọn, kì í ṣe ní àkókò ọdún Ọ̀ṣun tí ariwo pọ̀. Kó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ aró tó ti tó, orin tí wọ́n fi ń gún èlú, àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi owó rẹ̀ tọ́. Èmi fúnra mi ni yóò mú un lọ láti ilé dé ilé, kí àwọn ìyá lè mọ ọmọ ẹni tó mú un wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè rán an.

Èmi ni tiyín,
Àkọ́bí Ìyá Aláró,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.