Ìdánwò báyọ́lọ́jì SS3, Sátidé yìí o

Ẹ̀yin tíṣà báyọ́lọ́jì wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdánwò tá a jọ sọ ti di Sátidé yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, SS3 nìkan o, ẹ má tún kó SS1 wá.

Lọ́tẹ̀ yìí a ò ní bi wọ́n ní ìtumọ̀ osmosis (bí omi ṣe ń gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì lọ síbi tí iyọ̀ ti pọ̀), ṣebí wọ́n ti há a sórí bí oríkì. Iṣu la máa gbé síwájú wọn, a ó bó o, a ó gbẹ́ inú ẹ̀ bí ife, a ó bu iyọ̀ síbẹ̀ ká wá gbé e sínú omi, kí wọ́n sọ ibi tí omi tó kún inú ihò yẹn ti wá àti ìdí tí iṣu sísè ò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀. Iná ti pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ni, ẹ má sọ fún wọn o! Ti ewé náà wà ńbẹ̀, láti wo bóyá sítáàṣì wà nínú ẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á fi spirit bọ́ àwọ̀ ẹ̀, wọ́n á kán áyódíìnì sí i kó dúdú bí aró. Ẹ jọ̀ọ́, spirit ò gbọdọ̀ kan iná, inú omi gbígbóná ni ká gbé e sí, iná jó mi níka lọ́dún tó kọjá.

Ẹni tó bá ń ti Tákíé bọ̀ kó bá wa ra iṣu méjì, kì í ṣe èyí tó ti ń rà o.