Ẹni tí kò fèsì

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi náà wà, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o ti ń bínú. Ó ti lé ní oṣù méjì tí lẹ́tà rẹ ti dé ọwọ́ mi, ojoojúmọ́ ni mo sì ń sọ pé ọ̀la ni n óò fèsì. Ìwọ gan-an lo fà á. O bi mí pé, "Kí lò ń kà lọ́wọ́?" Ká ní o bi mí pé kí ni mò ń ṣe lọ́wọ́ ni, ìlà méjì ì bá ti tó.

Ìwé mẹ́ta ni mò ń kà pa pọ̀. Má wulẹ̀ sọ nǹkan kan, mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣà wọ́n jọ o. Ìgbà tí mo kà wọ́n jìnnà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé lẹ́tà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kan jókòó, ó ń kọ̀wé sí ẹnì kejì rẹ̀, àwa tí wọn kò kọ ọ́ sí la wá ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń já lẹ́tà onílẹ́tà.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni *Une si longue lettre* tí Mariama Bâ, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, kọ lédè Faransé lọ́dún 1979. Èyí tí Modupé Bodé-Thomas túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ Ramatoulaye, Modou, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó gbọ́dọ̀ fi ṣọ̀fọ̀ nílànà ẹ̀sìn Mùsùlùmí, inú ilé ọ̀fọ̀ yẹn ló wà tó ti ń kọ̀wé sí Aissatou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ti lọ ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo ti rẹ́rìn-ín: Aissatou ló kọ́kọ́ kọ lẹ́tà, Ramatoulaye jẹ gbèsè èsì, ó wá ṣí odidi ìwé kan láti fi san án. Ṣé o rí i pé kì í ṣe èmi nìkan?

O lè ti gbọ́ ibi tí ìtàn náà dá lé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti ọmọ méjìlá, Modou lọ fẹ́ Binetou, ọ̀rẹ́ ọmọ òun àti Ramatoulaye. Ibẹ̀ dunni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ló mú mi dá ìwé dúró. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn, Modou kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Tamsir ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mawdo ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti Lémọ́ọ̀mù ló wá jíṣẹ́. Wọ́n ń fọ̀rọ̀ lọ yí ká, wọ́n ń pe Ọlọ́run sí i, títí àyà obìnrin náà fi já, tó rò pé ọkọ òun ti kú ni. Rárá o, wọ́n ní ó wà láàyè, ìyàwó lásán ló fẹ́. Obìnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n rí ìbànújẹ́ lójú òun. Ọdún ń lọ, Modou wá kú lóòótọ́. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ta ló tún wọlé? Àwọn mẹ́ta yẹn náà ni. Tamsir ní bó bá ti jáde ọ̀fọ̀, òun ni yóò ṣú u lópó. Mo ní láti ṣí ìwé padà sẹ́yìn kí n tó gbà pé ẹsẹ̀ kan náà ló tún tẹ ilẹ̀ yẹn. Bâ kò pariwo rẹ̀ o, kò sọ pé "ẹ wò ó." Ó kàn mú wọn wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin náà la ẹnu, ó sọ gbogbo ohun tó ti gbé mì tẹ́lẹ̀. Mo kà á tán, mo dìde, mo rìn yí yàrá ká.

Jẹ́ kí n sọ nǹkan mìíràn fún ọ nípa ìwé náà. Àlòkù ni. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ sí etí ojú ìwé káàkiri. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kéré, ó mọ́, àmọ́ bí inú bá ti bí i, a máa tẹ pẹ́ńsùlù débi pé ìlà rẹ̀ á yọ lẹ́yìn ojú ìwé. Mo fi ìka wò ó. Níbi tí Ramatoulaye ti pinnu pé òun ò ní kọ Modou sílẹ̀, ó kọ "Nítorí kí ni?" ó sì fa ìlà mẹ́ta sí i nídìí. Níbi tó ti lé Tamsir, "O káre!" ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, pẹ́ńsùlù dákẹ́. Gbogbo èyí tó kù nínú ìwé, funfun báláú. Ṣé ibẹ̀ ló kà á dé ni? Ṣé wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Mo ń rọra ṣí àwọn ojú ìwé yòókù bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Mo ti ń bá onípẹ́ńsùlù yìí jà nínú mi. Aissatou ló ń gbè lẹ́yìn, ó hàn. Nígbà tí Mawdo, tó jẹ́ ọkọ rẹ̀, fẹ́ obìnrin mìíràn, Aissatou kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún un, ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó jáde. Ìwé kíkà ló gbé e dìde: ó dojú kọ ìwé, ó yege ìdánwò, ó dé ilẹ̀ Faransé, ó di òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òun náà ló ra mọ́tò fún Ramatoulaye nígbà tó gbọ́ pé ó ń forí ti ọkọ̀ èrò. Ta ni kò ní fẹ́ràn irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n a kò rí òru Aissatou rí. Bí ó bá sunkún, a kò mọ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé nìkan la rí tó ń ṣe iyèméjì, nítorí náà òun la máa ń dá lẹ́jọ́.

Ìwé kejì ni ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Inú ìwé ìròyìn *Akéde Èkó* ló ti kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín 1929 sí 1930, bí lẹ́tà tí obìnrin kan tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ ń kọ sí olóòtú. Olóòtú fúnra rẹ̀, I. B. Thomas, ló ń kọ ọ́! Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà á gbà pé òótọ́ ni, àánú rẹ̀ sì ń ṣe wọ́n. Èmi ò gba ẹkún rẹ̀ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Yóò ní òun ti ronú pìwà dà, yóò fi omijé rin ìlà mẹ́ta, lẹ́yìn náà yóò wá ròyìn ìgbà tí ayé ń dùn mọ́ ọn, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń wọ́ tẹ̀lé e, yóò tún fi orin ìgbà náà há a láàárín. Ẹni tó ń kábàámọ̀ kì í rántí adùn báyìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí Thomas ń fi pa wá lẹ́rìn-ín nìyẹn. Yorùbá rẹ̀ dùn ṣáá, mo ń kà á sókè ketekete bí ọmọ iléèwé.

Ẹ̀kẹta ni *Frankenstein* tí Mary Shelley kọ, ìtàn ọkùnrin kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe abàmì ẹ̀dá kan. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1816. Nígbà tí ìwé jáde lọ́dún 1818, kò sí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Àti pé gbogbo bí mo ṣe ń pe abàmì ẹ̀dá yẹn ní Frankenstein, irọ́ ni mò ń pa. Ẹni tó ṣe é ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò lórúkọ. Ẹni tó ṣe é yìí sú mi díẹ̀. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ tí kì í dá a dúbúlẹ̀ àìsàn. Abàmì yẹn ni mo fẹ́ràn. Ó rí àpò kan he nínú igbó, ìwé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó kà wọ́n bí ìtàn òótọ́ pọ́ńbélé. Mo ní, wò ó, àwọn tó ń ṣàánú Ṣẹ̀gilọlá ní ẹgbẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi rò nìyí. Atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Walton, tó ń wá ọ̀nà lọ sí ìkángun ayé níhà àríwá níbi tí yìnyín wà, ló ń kọ gbogbo ìtàn yẹn ránṣẹ́ sí Margaret, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó ń ráhùn pé òun ò lọ́rẹ̀ẹ́. Ó tilẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí òun dé kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Margaret kò sì sọ gbólóhùn kan títí ìwé fi parí. Mo ti tò ó lọ́kàn mi lóríṣiríṣi, ohun tí ì bá fèsì. Nígbà mìíràn ó ń bínú, pé kó padà wálé. Nígbà mìíràn ìdajì ojú ìwé kìíní ló kà.

Nígbà tí mo bá parí ìwé Bâ, n óò fi í ránṣẹ́ sí ọ. Mo ti fi bírò kọ èsì sábẹ́ "Nítorí kí ni?" yẹn, mi ò ní sọ ohun tí mo kọ. Ibi tó funfun yẹn ni n kò ní fọwọ́ kàn. Ìwọ fi pẹ́ńsùlù tìrẹ síbẹ̀, kí o dá a padà fún mi. Má sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn o. Mo mọ̀ ọ́.

Bá mi kí àwọn ará ilé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tó pẹ́ kó tó fèsì