Kì Í Ṣe Jíjìn Ọ̀nà Nìkan Ni Ká Wò Lórí Òkè Barolo

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba lè gbafẹ́ lọ ní Ítálì, inú mi sì dùn pé ẹ mẹ́nu ba àwọn òkè Langhe ní agbègbè Piemonte, nítorí pé Róòmù àti Venice nìkan ni a sábà máa ń gbọ́. Àmọ́ ìmọ̀ràn kan wà níbẹ̀ tí n kò lè fara mọ́. Òǹkọ̀wé náà ní kí èèyàn fi ọjọ́ kan ṣoṣo fẹsẹ̀ rìn láti Barolo dé La Morra, kó gba ibẹ̀ lọ sí Castiglione Falletto àti Serralunga, kó sì parí rẹ̀ sí Monforte, nítorí pé wọn kò jìnnà síra lórí máàpù. Lóòótọ́ ni wọn kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n orí òkè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, àfonífojì ló sì là wọ́n láàárín, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń ti ìlú kan lọ sí ìkejì yóò sọ̀ kalẹ̀ tán kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun òmíràn.

Torino ni mo ń gbé, mo sì ti mú àlejò mélòó kan gba ọ̀nà yìí. Barolo àti La Morra nìkan tó ìrìn ọjọ́ kan fún ẹni tí òkè gígùn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Barolo ga tó nǹkan bí 300 mítà ju ìtẹ́jú òkun lọ, La Morra sì ga tó 513. Ọ̀nà tó gba inú ọgbà àjàrà láàárín wọn tó nǹkan bí kìlómítà 5. William Naismith, ará Scotland kan, là ìlànà kan sílẹ̀ ní 1892 tí àwọn tó ń gun òkè ṣì ń lò: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà tí a bá gùn sókè. Bí a bá tẹ̀ lé e, àlọ àti àbọ̀ yóò gbà tó wákàtí méjì àbọ̀. Ṣùgbọ́n akíkanjú tí kì í dúró ya fọ́tò ni Naismith ní lọ́kàn. Ẹ fi ọmọdé kan, ìyá àgbà kan àti fóònù mẹ́ta kún un, wákàtí mẹ́rin ni ẹ óò bá a. Ì bá dára bí ẹ bá lè tún máàpù yẹn tẹ̀, kí ẹ kọ gíga ìlú kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀, ní Barolo, ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ́kọ́ wọ takisí lọ sí La Morra. Wọ́n á fi ẹ̀rín sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á wá máa fi ikùn kíkún gun òkè padà lọ́sàn-án, láìsí igi kankan tó ṣíji bò wọ́n, nítorí pé ibi tí oòrùn ti ń ràn jù ni wọ́n ń gbin àjàrà sí. Ẹni tó bá kúrò ní Barolo ní aago mẹ́sàn-án yóò gun òkè nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, yóò sì bá ilé ìsìn kékeré kan pàdé láàárín ọgbà Brunate. Ọdún 1914 ni wọ́n kọ́ ọ, àwọn òṣìṣẹ́ oko sì máa ń sá síbẹ̀ bí ìjì bá dé. Wọn kò yà á sí mímọ́ rí. Ní 1999, ayàwòrán méjì kùn ún, Sol LeWitt kun ìta rẹ̀, David Tremlett kun inú, pẹ̀lú àwọ̀ tó ń tàn débi pé ẹ óò ti máa rí i láti ọ̀nà jíjìn láàárín ewé. Ní La Morra, bí kùrukùru kò bá sí, ẹ óò rí Monviso, òkè oníyìnyín tó ga tó 3,841 mítà. Kí ẹ ti jókòó sídìí oúnjẹ ní aago kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ibẹ̀ máa ń pa iná ní nǹkan bí aago méjì àbọ̀, wọn kì í sì í tún dáná títí di alẹ́.

Ní ti ọtí, wáìnì tí wọ́n fi orúkọ ìlú Barolo pè kì í ṣe ẹlẹ́rìndòdò. Òfin kò gbà kí agbára rẹ̀ dín sí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ lo oṣù 38 ó kéré tán, 18 nínú rẹ̀ nínú àgbá onígi, kó tó dé ọjà. Ife kan pẹ̀lú oúnjẹ tó. Kí títọ́ ọtí wò yòókù dúró di ìgbà tí ẹ bá padà sísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkàwé yín ni kì í fẹnu kan ọtí rárá, kí irú wọn má sì rò pé olọ́tí nìkan ló ni ibẹ̀: ìrísí ilẹ̀ náà àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ ni UNESCO wò tí wọ́n fi kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2014.

Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ṣe pàtàkì ju ọ̀pá lọ. Lẹ́yìn òjò, amọ̀ aláwọ̀ eérú ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà bí àmàlà ṣe ń lẹ̀ mọ́ orógùn. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n búlúù lára ewé àjàrà, oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe ni wọ́n fọ́n sí i, ẹ má já èso rẹ̀ jẹ. Àjàrà náà sì ní olówó. Oṣù Karùn-ún dára, oṣù Kẹwàá náà dára nígbà tí wọ́n ń kórè Nebbiolo, èso tí wọ́n fi ń ṣe Barolo, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ yà fún katakata. Àsìkò ọdẹ tún ni, láti Àìkú kẹta nínú oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí oṣù Kìn-ín-ní, ìbọn á sì máa dún nínú igbó. Òfin 1992 ka ọdẹ ṣíṣe léèwọ̀ jákèjádò Ítálì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà ọ̀kan nínú méjèèjì ni kí ẹ mú.

Ọjọ́ iṣẹ́ tún rọrùn nítorí ọkọ̀. Rélùwéè wà láti Torino dé Alba, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì láti Alba lọ sí Barolo kò pọ̀, ó sì ń dín kù gidigidi ní ọjọ́ Àìkú. Kí ẹ ti mọ aago bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn kí ẹ tó kúrò ní Alba láàárọ̀, tàbí kí ẹ ti bá onítakisí kan sọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkàwé yín kan, Torino, Ítálì