Ìkéde: àdìrẹ ọjọ́ Sátidé, pàápàá fún àwa tó ní síkù sẹ́ẹ̀lì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Aago mẹ́wàá la máa bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé yìí, kì í ṣe aago méje mọ́, torí òtútù àárọ̀ ò dáa fún àwa tó ní síkù sẹ́ẹ̀lì, òtútù yẹn gan-an ló máa ń jí ìrora egungun dìde. Tí ara yín ò bá yá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ki ọwọ́ bọ omi aró o, àwọn tí ara wọn le máa bá wa rẹ aṣọ, wọ́n á sì sá a. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́, èyí tá a máa ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe, ni kẹ́ ẹ mú, ẹ lè ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì pàápàá, ẹ máa rán aṣọ yẹn jọ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fa òwú ẹ̀ le dáadáa kí aró má baà wọbẹ̀, tó bá rẹ̀ yín ẹ gbé e sílẹ̀, ọ̀la náà ọjọ́ ni. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní iṣẹ́ aláìsàn.

Ẹ wo Henri Matisse, ayàwòrán ará Faransé kan, òun náà ṣiṣẹ́ gidi nígbà tí ara ẹ̀ ò le: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ní 1941, orí àga àti bẹ́ẹ̀dì ló ti ń fi sísọ́ọ̀sì gé bébà tí wọ́n ti kùn, àwọn ẹlòmíì ló ń bá a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ẹ mú omi mímu dání, ẹ wọ súwẹ́tà, ẹ má gbàgbé oògùn yín. Ẹni tí ò bá lè wá, kó pè mí lálẹ́ Fúráìdé kí n gbé aṣọ àti òwú wá bá a nílé.